Iṣẹ́ Fífún Fídíò Pọ̀, àti Fírídọ́ọ̀mù Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan báyìí, àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Mushin ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìntì bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sọ iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ló ń wá ohun tí wọn yóò kọ́. Ẹni tó ṣáájú mi ti ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Kò sí ẹni tí kò mọ irú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó tẹ̀ lé e jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n mọ ìyẹn náà. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń fún fídíò pọ̀ kí ó lè rìn."

Ọmọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlhájà, bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ọmọ mi. Omi là ń fún dànù, aṣọ là ń sá."

Àkókò kò tó lọ́jọ́ náà, alága sì ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè kà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó fi mí sídìí iṣẹ́ tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mushin yìí ni wọ́n bí mi sí. Télọ̀ ni bàbá mi. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, kí wọ́n tó fi mí sí iléèwé àwọn Mùsùlùmí tó wà lẹ́bàá ilé wa. Mo parí ìwé mẹ́wàá, mo lọ́kọ, mo bímọ méjì, mo sì ṣí ìsọ̀ kékeré kan tí mo ti ń yá àwọn aládùúgbò ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Iṣẹ́ yẹn dùn, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni òjò. Tí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kásẹ́ẹ̀tì á bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Ọkùnrin kan ní Surulere ló máa ń bá mi nu wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló sì máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n kó tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gba kásẹ́ẹ̀tì, mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwòrán kan tó ń rìn lójú ẹ̀rọ náà, kékeré bíi páálí ìṣáná. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní, "Fídíò tí kò nílò kásẹ́ẹ̀tì ni. Ó lè gba inú wáyà tẹlifóònù kọjá, tí ènìyàn bá mọ bí a ṣe ń dì í." Mo dúró síbẹ̀ títí ìrun Àsárì fi fẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹ ti bímọ méjì, ẹ sì fẹ́ wá kọ́ṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ iṣẹ́ kan wà níbí báyìí, Bísí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ṣùgbọ́n ó ṣáájú yín dé. Ẹ ó máa pè é ní Àǹtí."

"Màá pè é, sà."

"Ó dáa. Sàlámátù, mú ìgbálẹ̀."

Bó ṣe yí ohùn padà nìyẹn láàárín ìmí ẹ̀ẹ̀kan, n kò sì gbọ́ "ẹ" lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àǹtí Bísí ní tirẹ̀ kò mọ bí yóò ṣe ṣe é. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni, ó sì fẹ́ lo ipò rẹ̀. Ó máa ń ní, "Sàlámátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára kí ẹ lọ pọnmi kí n tó bínú sí yín." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá kọ́ mi gba oṣù mẹ́ta, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni. Yóò tan fídíò, a ó wò ó díẹ̀, yóò ju tówẹ́ẹ̀lì bo ojú ẹ̀rọ náà, á wá ní, "Kí ló yí padà?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn ni. Mo ní, "Ó ń sọ̀rọ̀, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó ń ṣe. Kí ló yí padà?"

"Ẹnu rẹ̀, sà."

"Kí tún ni?"

"Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì."

"Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ògiri wà bó ṣe wà, sà."

"Táì ọrùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò yí."

"Kí ló wá dé tí o fẹ́ ru ògiri àti táì lọ sí Ìbàdàn nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Ṣé alábàárù ni ọ́ ni?"

Àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni fídíò tiwa máa ń tò tẹ̀ léra wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ní kí a rán gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, kò sí ọ̀nà tó lè gbà á. Nítorí náà, a ó rán àwòrán àkọ́kọ́ ní odindi. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó yí padà nìkan la ó máa rán. Ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á ni yóò to ìyókù pọ̀. Ọ̀gá máa ń sọ pé àwọn bàbá wa ti mọ iṣẹ́ yìí kí òyìnbó tó kọ ọ́ síwèé: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti àwọ̀. Ọ̀gá mọ̀ pé mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti kírun, ó sì bi mí pé, "Tí o bá jáde láti ṣe àlùwàlá, kí lo kọ́kọ́ máa ń rí nínú ọgbà yín?"

"Igi máńgòrò, sà."

"O rí ẹ̀ka rẹ̀?"

"Mo rí i, sà. Mo rí ewé pàápàá."

"Ewé náà tutù yọ̀yọ̀ lójú rẹ ni?"

"Rárá, sà. Dúdú ni gbogbo rẹ̀ títí ojúmọ́ á fi là."

"Síbẹ̀ o mọ̀ pé máńgòrò ni, o ò pè é ní ìbẹ́pẹ. Bí Ọlọ́run ṣe dá ojú wa nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló fi ń dá nǹkan mọ̀. Àwọ̀ máa ń dé lẹ́yìn ni. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Àwọ̀, mú ìdá kan nínú mẹ́rin, da ìyókù nù. Ojú kò ní mọ̀."

Mo jẹ́ ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, àmọ́ ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ ìjọ ló fi ìdájí hàn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń dúró díẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù omi lọ́wọ́, kí n wo bí àwọ̀ ṣe ń wọnú ayé padà, mo sì máa ń sọ pé Sùbùhánọ́láhì.

Ọ̀gá le, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí ẹjọ́ nítòsí ẹ̀rọ. Tí ènìyàn bá fún fídíò kọjá bó ṣe yẹ, àwòrán náà á fọ́ sí igun-igun bíi bíríkì. Ó ṣe mí lọ́jọ́ kan nínú fídíò ìfinijoyè bíṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀gá pe gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọ. "Ẹ wá wò ó. Sàlámátù ti kọ́lé sójú bíṣọ́ọ̀bù. Ó ku kó kan páànù." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tún un ṣe, láìsí ariwo, láìsí èébú mìíràn. Ìgbà keje ni Ọ̀gá tó mi orí sí i pé ó dára. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà sì nìyẹn! Fídíò ìṣẹ́jú méjì, tí a bá gbé e lé e láàárọ̀, Àsárì ló máa parí, tí iná kò bá lọ. Àǹtí Bísí á fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, á ní, "Ẹ rọra o, ó ń rọbí."

Ọdún mẹ́ta kọjá báyìí. Àǹtí Bísí gba fírídọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó sì dúró ti Ọ̀gá. Èmi ló kàn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó láàárín àwa tí a kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á gbàdúrà sí i lójú ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà náà ni ó tó dá dúró. Ẹni tí kò gbà á, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó, ojú ẹni tó sá mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Kò sì lè fún ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ náà, nítorí pé ohun tí ènìyàn kò ní, kò lè fi tọrẹ. Ọ̀gá ti mú ọjọ́ fún tèmi: Sátidé tó máa kẹ́yìn oṣù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí mo ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ilé ìgbẹ̀bí kan wà ní Mushin nígbà náà, tí obìnrin kan tí a ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì dá sílẹ̀. Ìjọ Ọ̀gá àti mọ́ṣáláṣí kan ló jọ ń ràn án lọ́wọ́. Dókítà ọmọdé kan, ọ̀rẹ́ Ọ̀gá, máa ń yà síbẹ̀ láràárọ̀ láti wo àwọn ọmọ tuntun. Nígbà tó lọ fún ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn fún oṣù kan, wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan: Màmá Nọ́ọ̀sì á gbé àwọn ọmọ síta nínú oòrùn òwúrọ̀, á fi kámẹ́rà kékeré yà wọ́n, àwa á fún un pọ̀, a ó fi ránṣẹ́ láti ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Dókítà á wò ó, á sì dáhùn pé èyí dára, ẹ gbé ìyẹn lọ sí ọsibítù. Íńtánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà ń kán bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ dá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀gá ti lọ sí Ìkẹjà, Àǹtí Bísí wà nílé. Ọmọ márùn-ún ló wà nínú fídíò náà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e lé ọ̀nà bí a ṣe máa ń ṣe, mo wo aago, mo rí i pé kò ní tíì lọ tán kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti tún un fún. Mo rántí ẹ̀kọ́ máńgòrò. Mo ní lọ́kàn mi, ojú kò bìkítà fún àwọ̀. Dípò kí n fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀, mo fọ àwọ̀ náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo wò ó: mo rí imú ọmọ, mo rí ìpéǹpéjú, kò sí bíríkì kankan. Mo yin ara mi. Fídíò náà fò lọ. Mo sáré dé mọ́ṣáláṣí kí lèmọ́mù tó gun mínbárì, mo sì dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún mi lọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo padà dé, èsì Dókítà ti wà ní ilé íńtánẹ́ẹ̀tì: "Gbogbo wọn dára. Ẹ kú iṣẹ́." Mo tẹ Màmá Nọ́ọ̀sì láago, mo sọ fún un.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Màmá Nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, ó gbé ọmọ kan dání. Ìyá ọmọ náà wà nínú ọkọ̀, ó ń sunkún.

"Ta ló ní gbogbo wọn dára?"

"Dókítà ni, mà."

"Wá. Sún mọ́bí. Wo ojú ọmọ yìí."

Ó fi ìka fa ìpéǹpéjú ọmọ náà sílẹ̀ díẹ̀. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè tó gbó. Ibà apọ́njú ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni.

"Kànfọ̀ ni wọ́n kó sáàárín aṣọ rẹ̀," ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí. "Gbogbo ìgbà ni mo ń kígbe pé kànfọ̀ kì í ṣe fún aṣọ ọmọ, apọ́njú ló ń fà! Mo tún rò pé bóyá ojú mi ló ń ṣe mí, torí pé Dókítà ní ó dára. Ṣùgbọ́n ojú mi ojú mi ni, èmi ò dúró de ti íńtánẹ́ẹ̀tì." Ó padà wọlé, ó ní kí awakọ̀ máa lọ sí Ìdí-Àràbà.

Ọlọ́run ṣàánú wa. Wọ́n tètè tẹ́ ọmọ náà sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń wo irú rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ojú rẹ̀ funfun padà, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Tí kì í bá ṣe orí kunkun Màmá Nọ́ọ̀sì, n kò mọ ẹni tí ǹ bá máa jẹ́ lónìí.

Nígbà tí Ọ̀gá gbọ́, kò pariwo. Ó gbé fídíò inú kámẹ́rà sójú ẹ̀rọ kan, ó gbé èyí tí mo rán sójú èkejì, ó jẹ́ kí méjèèjì máa lọ pọ̀.

"Kí ló yí padà, Sàlámátù?"

"Rúsúrúsú ojú ọmọ, sà."

"Ta ló jù ú nù?"

"Èmi ni, sà."

Ó pa ẹ̀rọ méjèèjì. "Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń jù nù, o sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí a kì í jù nù ló kù, ìyẹn kò ṣe é fẹnu kọ́. Mi ò ní gbàdúrà lé ọ lọ́wọ́ ní Sátidé. Máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ. Ọjọ́ tí mo bá rí i pé o ti mọ̀ ọ́n, màá fún ọ."

Àǹtí Bísí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn gbé ìgbálẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo dúró ti Ọ̀gá fún ọdún kan sí i. Kò mẹ́nu kan fírídọ́ọ̀mù, èmi náà kò béèrè. Nígbà tó yá, Fúnmi ọmọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Kánádà, ó sì lọ. Mo gbé ẹrù rẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú. Ó ní, "Sàlámátù, ó dàbọ̀," ó sì wọlé.

Èmi àti Àǹtí Bísí gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó. Ohun tó ju ogún ọdún lọ la fi wà níbẹ̀. Tí a bá gba ọmọ iṣẹ́, èmi ni mo máa ń kọ́ wọn jù, nítorí pé Bísí kò ní sùúrù. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù bá dé, Bísí ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ fún. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá ṣe àmín. Ọmọ mẹ́sàn-án ló kọjá lọ́wọ́ mi báyìí. Tí a bá wà ní àwa méjì, Bísí á ní, "Ìwọ Sàlámátù tí o kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra bisikíìtì wá." Màá dìde, màá lọ rà á. Ẹ̀rín la fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà lábẹ́ ẹ̀rín.

Irinṣẹ́ yí padà, ó tún yí padà. Kásẹ́ẹ̀tì kú, àwo pẹlẹbẹ dé. Àwo kú, fóònù dé. Gbogbo ìgbà tí ọgbọ́n tuntun bá jáde, fídíò tí a ti ń forí gbé tẹ́lẹ̀ á wá ṣeé fi sápò. N kò bẹ̀rù wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ kọ́ ohun tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀ àfi tí ènìyàn bá sọ fún un.

Ohun tí mo kọ́ nìyí, oníbàárà ló sì kọ́ mi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ọwọ́ mi kì í kan fídíò ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tí mo bá béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ rí?" Obìnrin kan tó ń ta léèsì ní Tejúoṣó ní òun fẹ́ kí àwọn oníbàárà òun lókè òkun rí aṣọ. Mo fi gbogbo àwọ̀ sílẹ̀, mo jẹ́ kí ojú obìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣú díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú mi ni mò ń tà." Kóòṣì àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní Surulere ní bọ́ọ̀lù lòun fẹ́ rí. Mo jẹ́ kí koríko pápá parẹ́ di ilẹ̀ kan náà, bọ́ọ̀lù sì ń tàn bí ẹyin. Bàbá kan wá tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abúja jẹ́ adití, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo ju gbogbo ohùn nù, mo fi àyè rẹ̀ fún ìka ọwọ́. Bàbá náà wò ó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń fi wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run mi.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé, ojú náà ń rẹ̀ mí. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún Bísí, mo fẹ̀yìntì. Kò pé oṣù kan tó fi tẹ̀ mí láago.

"Àlhájà, Ọ̀gá pé ọgọ́rin ọdún. Ìjọ wọn ní Yaba fẹ́ ṣe ìdúpẹ́, wọ́n ní kí a máa fi hàn án ní Kánádà bó ṣe ń lọ. Dókítà tó ń tọ́jú wọn lọ́hùn-ún ò gbà kó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ wá, ẹ kàn jókòó lásán."

Mo lọ. Mo jókòó sẹ́yìn ìjọ pẹ̀lú wọn nídìí ẹ̀rọ, mo wé gèlè mi dáadáa. Orin àkọ́kọ́ kò tíì parí tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Ẹyọ kan ló kù, ìyẹn náà sì ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Bísí ń làágùn. "Àwòrán ni ká dáàbò bò. Ọ̀gá wa ni o! Bíríkì kan ò gbọdọ̀ sí lójú ẹnikẹ́ni, àbí ó máa sọ̀rọ̀ sí wa láti Kánádà."

Mo mú fóònù, mo pe Fúnmi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Bàbá léèrè: kí ni wọ́n fẹ́ rí?"

Mo gbọ́ tí ó ń bi wọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí nǹkan kan. Ojú wọn ti ṣú, mà, kì í ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní nínú àwọn akọrin tó máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin làwọn wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bóyá ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ṣì ń dún."

Mo ní kí Bísí dìde. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo gba àwọ̀ kúrò pátápátá. Mo gba ìrìn kúrò: àwòrán kan tó dúró gbári ni mo ń rán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Gbogbo àyè tó kù, mo fi fún ohùn, mo sì ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gé.

Bísí di orí mú. "Àlhájà, ṣé orí yín pé? Àwòrán ìwé ìròyìn lẹ fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá!"

"Jẹ́ kí wọ́n kọrin," ni mo wí.

Wọ́n sì kọ ọ́. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bàbá tó dúró sẹ́yìn láàárín àwọn akọrin gbé ohùn wọn sísàlẹ̀, àga tí mo jókòó lé gbọ̀n.

Ìsìn ti parí, a ń ká wáyà, nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn Ọ̀gá ni, ó ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Ta ló béèrè ohun tí mo fẹ́ rí?"

"Èmi ni, sà. Sàlámátù."

"Ta ló kọ́ ọ kí o máa béèrè bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ tó ní apọ́njú yẹn ni, sà."

Ó ní, "Bísí wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, sà!" ni Bísí kígbe.

"Jẹ́ ẹlẹ́rìí. Sàlámátù, kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tí dókítà ní kí n má fi kúnlẹ̀. Bísí kò rí irinṣẹ́ mìíràn nítòsí, ó yọ ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn kúrò létí ara rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ méjèèjì. Ọ̀gá gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run tó fi ojú fún mi má ṣe gbà á, kí ohun tí mo bá dì dé ibi tí mo rán an láìbàjẹ́, kí àwọn ọmọ tí mo bá kọ́ ṣe rere jù mí lọ. Ó fi orúkọ Jésù parí rẹ̀, èmi náà sì ṣe àmín tó jẹ́ kí àwọn tó ń tò lọ sílé bojú wẹ̀yìn. Bísí ń sunkún bí ọmọdé.

"Ó tán," ni Ọ̀gá wí. "O ti di ọ̀gá. Lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Mo nu ojú mi. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìntì lóṣù tó kọjá."

"Kí lo wí? Ta ló ní kí o fẹ̀yìntì? Ṣé ọmọ iṣẹ́ ń fẹ̀yìntì ni? Ibi iṣẹ́ lo sá kúrò!"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ sí Sábó, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bísí, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fúnra mi. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, Àfúsátù, tí a ti mú ọjọ́ fún pé Bísí yóò gbàdúrà fún un. Mo ní kó kúnlẹ̀ fún mi níbẹ̀ láàárọ̀ náà, mo sì gbé ọwọ́ tèmi lé e lórí. Mo ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Bísí lọ ra bisikíìtì wá láìjẹ́ pé mo rán an. Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, mo sì fẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀kejì, bí ó ṣe yẹ kí ọ̀gá fẹ̀yìntì. Nínú ìfẹ̀yìntì kejì yìí ni mo wà báyìí, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀, Alihamudulilahi.